Kí Wọ́n Tó Fi Shingle Bò Ó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Àṣẹ Òrùlé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin onílé àtijọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, mo kí yín o. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí èèyàn ṣe ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé rẹ̀ níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kan ìṣó lórí òrùlé kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà, mò ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe to ìwé, mò ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì, mo sì ń dúró de wolé-wolé níwájú ilé onílé. Ẹ jọ̀ọ́, wolé-wolé ni mo máa pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń rán àwọn àgbà kan létí ẹni tó ń yọjú sínú ìkòkò omi wọn láyé àtijọ́. Èyí náà ò yàtọ̀, òrùlé ló ń yọjú sí. Shingle tí mo máa dárúkọ sì ni àwọn pẹlẹbẹ ọlọ́dà tí wọ́n ń tò lé ara wọn láti bo òrùlé.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ kí n tó jókòó tán: "Ilé mi ni. Owó mi ni. Kí ló kan ìjọba nínú òrùlé mi?" Mi ò bínú sí ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà bi ọ̀gá mi ní irú ẹ̀ rí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1871, iná ṣẹ́ ní Chicago. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà, pákó ni wọ́n sì fi bo orí púpọ̀ nínú wọn. Atẹ́gùn ń gbé ẹ̀ta iná láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, títí iná fi fo odò. Kó tó kú, ilé tó jó lé ní 17,000, àwọn tó kú sì tó nǹkan bí 300. Ẹ lè ní ìyẹn ti pẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1991, ọgọ́fà ọdún géérégé lẹ́yìn ẹ̀, iná mú àwọn òkè Oakland ní California. Èèyàn 25 ló bá a lọ, ilé tó jó sì tó nǹkan bí 3,000. Òrùlé pákó wà lára ohun tó gbé iná yẹn rìn. Ẹni tó ni òrùlé tó kọ́kọ́ gbiná náà lè ní ilé òun ni, owó òun ni. Aládùúgbò ẹ̀ ńkọ́?

Ti ìjì ló tilẹ̀ yé mi jù, torí ó kan iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ìjì líle tí wọ́n pè ní Andrew wọ gúúsù Florida, ó sì ṣí ilé lórí bí ẹni ṣí ìkòkò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ àwókù náà wò, wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ilé, ìṣó tó yẹ kó de pákó òrùlé mọ́ igi àjà kò kan igi rárá. Ó gba inú pákó kọjá, ó bọ́ sínú òfìfo. Káfíńtà kàn ń tẹ ẹ̀rọ ìṣó ni, ó ń lọ tààrà, igi sì wà ní íǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti bò ó. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́ títí ìjì fi dé. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni Florida ti wá ṣe òfin ìkọ́lé kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2002.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Gbogbo ohun tó ń pa òrùlé mọ́ ni wọ́n máa ń bò mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìwé àṣẹ ló ń mú kí ojú ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ gba owó, rí i kí wọ́n tó bò ó. Ẹni tó bá gba ìwé náà, tí kò jẹ́ kí wolé-wolé wá wò ó, bébà lásán ló ra.

Ó dáa. Òfin wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Ìwé tí ọ̀pọ̀ ibi ń lò fún ilé gbígbé ni International Residential Code. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2000, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Àmọ́ ìwé yẹn kì í di òfin títí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú yín yóò fi gbà á wọlé, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gé e tàbí kí wọ́n fi kún un. Ìlú kan lè máa lo ẹ̀dà 2018 kí èyí tó bá a pààlà máa lo ti 2021. Torí náà, ẹ má fi ohun tí àbúrò yín ṣe ní Texas ṣe ilé yín ní Maryland.

Ẹ sì rí i dájú pé ọ́fíìsì tó ni yín lẹ lọ. Mo ti rí ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ìdí ìwé kó tó mọ̀ pé ilé òun ò sí nínú ìlú náà. Orúkọ ìlú ló wà lórí lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ wà lẹ́yìn ààlà, county, ìyẹn ìjọba àgbègbè, ló ni ín. Ẹ kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì ìkọ́lé ìlú, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní tààrà pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?" Ìṣẹ́jú méjì ni.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń gba ìwé àṣẹ o. Ìwé òfin yẹn fúnra rẹ̀ to àwọn èyí tó yọ sílẹ̀: kíkun ilé lọ́dà, títẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ọgbà tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7, yàrá ìkẹ́rù alájà kan tó dá dúró tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú lóròó. Wọn ò dárúkọ pípààrọ̀ òrùlé níbẹ̀. Ní ti àtúnṣe kéékèèké, ọ̀pọ̀ ìlú kì í yọ ẹni lẹ́nu lórí shingle márùn-ún tí atẹ́gùn ṣí. Ibi tí àtúnṣe ti ń di pípààrọ̀ ni ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń yàtọ̀. Ní Florida, òfin ní tẹ́ ẹ bá ti tún ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún òrùlé kan ṣe láàárín oṣù 12, ó di dandan kí gbogbo rẹ̀ bá òfin tuntun mu. Ní 2022 ni wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: tó bá jẹ́ pé òrùlé náà ti bá òfin 2007 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀, apá tẹ́ ẹ ń tún ṣe nìkan ló kàn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan ṣì ń fi òfin àtijọ́ dẹ́rù ba àwọn onílé kí wọ́n lè ta òrùlé odidi.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ, àdírẹ́sì, iye owó iṣẹ́, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì agbaṣẹ́ṣe, ìyẹn ò le. Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró ni àwọn àlàfo kékeré tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n á béèrè iye "square." Square kan ni ẹsẹ̀ bàtà 100 níbùú lóròó. Òrùlé tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2,400 jẹ́ square 24. Ẹ má fi ìwọ̀n ilẹ̀ ilé kọ ọ́ o, torí pé òrùlé dagun, ó fẹ̀ ju ilẹ̀ tó bò lọ.

Wọ́n á béèrè bí òrùlé ṣe dagun tó. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ sì lè wọ̀n ọ́n fúnra yín láti inú àjà láìgun òkè. Ẹ mú irin gígùn tó ní omi nínú yẹn, èyí tí bíríkìlà fi ń wò bóyá iṣẹ́ òun tẹ́jú. Ẹ fi kálámù sàmì sí íǹṣì 12 lára ẹ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan abẹ́ igi tó gbé òrùlé, ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dúró sáàárín, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn àlàfo láti ojú àmì yẹn lọ sókè kan igi. Tó bá jẹ́ íǹṣì 5, ẹ kọ 5:12. Tí kò bá tó 2:12, òfin ò gbà yín láàyè láti lo shingle rárá, torí omi á máa sinmi lórí ẹ̀ ni. Láti 2:12 dé 4:12, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ shingle, ìyẹn bébà tó ń dí omi tí wọ́n ń tẹ́ sórí pákó, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Mo ti rí òrùlé tó jò láti ọdún àkọ́kọ́ torí pé ẹnì kan fojú díwọ̀n 3 pé 4 ni.

Wọ́n á tún béèrè bóyá ẹ máa hó ti tẹ́lẹ̀ kúrò ni àbí ẹ máa tẹ́ tuntun lé e lórí. Òfin náà là á: tí ìpele méjì bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ hó o. Tí pákó abẹ́ rẹ̀ bá ti rin tàbí tó ti jẹrà, ẹ gbọ́dọ̀ hó o. Tó bá jẹ́ àwo amọ̀ tàbí òkúta ló wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ hó o. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ hó o nígbàkigbà, kódà níbi tí òfin ti gba ìpele kejì. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ tuntun lé ògbólógbòó, ta ló rí pákó?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí irú òrùlé padà, ẹ mú sùúrù. Square kan shingle lè wọn ju pọ́ùn 200 lọ. Square kan àwo amọ̀ lè tó pọ́ùn 900 tàbí kó jù ú. Ẹ fi 24 sọ ìyàtọ̀ yẹn di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá wo igi àjà yín lójú. Ìlú á ní kẹ́ ẹ mú ìwé ẹnjiníà wá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi orúkọ tó máa wà lórí ìwé náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi wá jẹun.

Agbaṣẹ́ṣe á wá, á fi ẹ̀rín sọ pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin fúnra yín ẹ lọ gba ìwé yẹn lórúkọ yín. Ó yá jù, owó rẹ̀ sì kéré." Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ibi ló gba onílé láàyè láti gba ìwé àṣẹ fún ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Àmọ́ wọ́n ṣe é fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ dúró tì í. Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀yin lẹ di agbaṣẹ́ṣe. Tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni wolé-wolé á kọ̀wé sí. Tí ọmọkùnrin kan bá já bọ́ látòkè, tí kò sì sí ìnṣọ́ránsì lórí ẹ̀, ẹ̀yin ni lọ́yà rẹ̀ máa wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kúrò lọ́wọ́ ìṣubú tó bá ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè. Mélòó nínú yín ló ti rí okùn nídìí àwọn tó ń ṣe òrùlé àdúgbò yín? Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní kẹ́ ẹ fi orúkọ yín gbà á, ó ṣeé ṣe kó má ní láísẹ́ǹsì. Tó bá ní in, kí ló dé tí kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ òun? Bí mo bá jẹ́ yín, ibẹ̀ ni mo ti máa sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Wàyí o, wolé-wolé. Ọ̀pọ̀ ìlú máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ìtẹ́lẹ̀ ti wà lórí pákó ṣùgbọ́n tí shingle kò tíì bò ó, àti nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Àwọn mìíràn ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò ohun tó wà láàárín. Ẹ béèrè èyí tí ìlú yín ń ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti bò ó, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kẹ́ ẹ ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n rán wá, ó fi pẹ́ńsù há etí. Ọ̀gá mi rò pé á kàn wo òkè láti ilẹ̀ ni. Màmá yìí gun àkàbà, ó dé etí òrùlé lẹ́yìn ilé níbi gọ́tà, ó ti ìka méjì bọ abẹ́ ìtẹ́lẹ̀, ó wá ní, "Ta ló ṣe ẹ̀gbẹ́ yìí?" Irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà létí òrùlé yí ká. Nísàlẹ̀, níbi gọ́tà, ìtẹ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bo irin yẹn, kí omi tó bá sá gba abẹ́ shingle lè yọ́ lórí ìtẹ́lẹ̀, kó gba orí irin, kó sì kán sínú gọ́tà. Ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí òrùlé ti dagun lọ sókè, irin ló máa bo ìtẹ́lẹ̀, torí atẹ́gùn ló ń ti òjò wá láti ibẹ̀. Ọmọ tuntun kan láàárín wa ti fi irin bo ìtẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ilẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀. Kódà èmi tí mo wà lórí òrùlé kan náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo omi tó bá gba abẹ́ shingle lápá ibẹ̀ á wọ abẹ́ irin lọ tààrà, á máa mu pákó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi la ògiri ọ̀hún.

Ó ní ká tú u. Ẹsẹ̀ bàtà ogójì, wákàtí mẹ́rin. Mo bú u nínú mi títí oòrùn fi wọ̀. Onílé náà wà nínú ilé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ohun tí màmá yẹn ṣe fún un lọ́jọ́ náà.

Àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ń wò: ìṣó mẹ́rin ó kéré tán lórí shingle kọ̀ọ̀kan, tí ibi tí ìjì wà sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, páànù tó dí ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, àti níbi tí yìnyín ti ń dì, ìtẹ́lẹ̀ alálẹ̀mọ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé kọjá ògiri ìta ní íǹṣì 24, torí pé yìnyín máa ń dì bí odi létí òrùlé, omi á sì padà sẹ́yìn, á wá ọ̀nà gba abẹ́ wọlé. Ní Miami àti àgbègbè rẹ̀, wọ́n tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá lò.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ tèmi. Ilé tí mo kọ́kọ́ rà, mo gbé òrùlé ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, torí orúnkún ti ń dùn mí nígbà náà. Ó gba ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́, ó gba owó, ó lọ. Èmi tí mo yẹ kí n mọ̀, mi ò béèrè bóyá wolé-wolé ti wá fún ìgbẹ̀yìn. Ọdún keje tí mo fẹ́ ta ilé, lọ́yà olùrà wo ìwé ìlú, ó ní ìwé àṣẹ òrùlé kan ṣì wà ní ṣíṣí. Agbaṣẹ́ṣe náà ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ òfin ní tí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tó bá dúró, fún ọjọ́ 180, ìwé àṣẹ yẹn ti kú. Mo ní láti san owó òmíràn, kí n gba tuntun, kí wọ́n sì ṣí shingle níbi mẹ́ta kí wọ́n lè rí abẹ́ ẹ̀. Olùrà ò lè dúró. Ó lọ ra ilé tó wà ní títì kejì. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá bi mí, mo máa ń ní: ẹ má san owó ìgbẹ̀yìn fún agbaṣẹ́ṣe àfi tẹ́ ẹ bá rí i pẹ̀lú ojú yín pé ìlú ti ti ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì yín nìkan lẹ máa tẹ̀.

Ní ti owó ìwé, ìlú mìíràn ní iye kan pàtó, ìlú mìíràn ń fi iye iṣẹ́ ṣírò ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó wá gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé níbi tí ẹgbẹ́ onílé ti ń ṣòfin àwọ̀ òrùlé, lẹ́tà tiwọn kì í ṣe ìwé àṣẹ ìlú. Ẹ gba méjèèjì.

Nígbà tí mo dákẹ́, ìbéèrè wá. Bàbá kan ní ká ní òjò ṣí òrùlé lóru, ṣé òun á jókòó de ọ́fíìsì ni? Rárá, bàbá. Ẹ ta tapólìn lé e lórí lóru ọ̀hún, ẹ gbàlà ná. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ gbà fún àtúnṣe pàjáwìrì, ó kàn ní kẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e.

Arábìnrin kan béèrè nípa ìnṣọ́ránsì tó ní ohun tó bàjẹ́ nìkan lòun máa san. Mo ní kó wo ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n kọ "ordinance or law" síbẹ̀. Apá yẹn ló ń san ohun tí òfin tuntun bá fi kún iṣẹ́, bíi ìtẹ́lẹ̀ yìnyín tí ilé àtijọ́ kò ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó rẹ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ní in. Ọ̀pọ̀ sì rò pé wọ́n ní in, wọn ò ní in.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ló béèrè kẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ìpele kan ló wà lórí ilé, pé àwọn á tẹ́ tuntun lé e. Báwo lòun ṣe máa mọ̀ láìgun òrùlé? Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé àkàbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí òrùlé ti dagun lọ sókè, ẹ má lọ sí ọ̀dọ̀ gọ́tà, torí ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀ máa ń ní ìlọ́po láti ìbẹ̀rẹ̀, á ṣì yín lọ́nà. Kó jìnnà sí igun ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó fi ìka gbé etí rẹ̀ sókè ní jẹ́jẹ́, kó tan iná fóònù sí i, kó wá kà á bí ẹni ka ojú ewé ìwé."

Ọjọ́ kẹta ló pè mí. Ìpele mẹ́ta ni ọmọ ẹ̀ kà.